Bísí, Má Fi Nọ́ńbà Ránṣẹ́ Wọ Láàbù

Ilé wa, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bísí ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ alárè,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà ní Odogbolu ò jò mọ́? Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ, ó ní kí o sá ẹ̀wà tó fún ẹ sóòrùn kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mo ti jíṣẹ́ tiẹ̀. Tèmi ló kù, tèmi sì gùn, torí náà wá ibì kan jókòó.

Ìwọ lo fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Mo ní fóònù, mo sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá tí o pè mí lẹ́yìn ìsìn, tí o sọ tìẹ tán, tí mo ní kí n dá ẹ lóhùn, kí lo ṣe? O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa." Nẹ́tíwọ̀kì tó dáa ní gbogbo ìgbà tí ìwọ ń sọ̀rọ̀! Ìgbà tó kan èmi ló wá bàjẹ́? Mo mọ irọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ó dáa, bébà ò ní nẹ́tíwọ̀kì. O ò lè gé bébà mọ́ mi lẹ́nu.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ sọ, kí o má bàa ní mo purọ́ mọ́ ẹ. O ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí làwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde ẹ máa ṣe pírátíkà kẹ́mísìrì nínú ìdánwò àṣekágbá. O ní igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé yín pè ẹ́ sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Mísì, ẹ tètè dé lọ́jọ́ náà, kí ẹ dá títíréṣọ̀n yẹn ṣe káwọn ọmọ tó wọlé. Iye tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sí bébà kékeré, ẹ fún ẹni tó ń fọ ìgò, á fi yí káàkiri." O ní o bi í pé ṣé ó bófin mu. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ yín pátápátá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa kọ nǹkan míì nípa yín." Lẹ́yìn èyí ni o wá sọ gbólóhùn tí kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa láti àná. Ìwọ Bísí, ọmọ tí mo bí. O ní, "Bàbá, gbogbo ilé-ìwé ló ń ṣe é."

Mo gbọ́. Gbogbo ilé-ìwé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ò bi mí pé ta ni ẹni tó ń fọ ìgò nígbà tèmi, tó ń fi bébà kékeré yí káàkiri.

Èmi ni. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ẹ ní ìmọ̀ràn tí bàbá ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí, wàá ká lẹ́tà yìí sínú báàgì, wàá ní ìwọ á kà á tó bá yá.

O lọ yunifásítì, mo mọ̀, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o wọ gáùn. Èmi ò wọ gáùn rí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó gbà mí sí láàbù láti máa fọ ìgò, láti máa gbálẹ̀. Kẹ́mísìrì tí mo mọ̀, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ. Tí tìṣà bá ti ń kọ́ wọn, èmi á mú gíláàsì kan, màá máa nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì títí dé òpin. Kò sí gíláàsì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Ìwé kẹ́mísìrì tí mo ní, ibi tí wọ́n ju pàǹtírí sí ni mo ti hú u jáde, ogún ojú ìwé àkọ́kọ́ sì ti ya kúrò lára ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́mísìrì gan-an títí dòní, torí ojú ìwé kìíní ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n láti ojú ìwé kọkànlélógún lọ sókè, kò sẹ́ni tó lè fi mí ṣeré.

Ó yá. Èkíní. Tí o bá fẹ́ fomi la ásíìdì tó le, omi ni kí o kọ́kọ́ bù, kí o wá máa da ásíìdì sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ó wà ní ojú ìwé kẹtàlélógójì. Ọjọ́ tí mo ń kánjú ni mo gbàgbé, mo da omi lé ásíìdì lórí. Ó pariwo ṣàà, ó hó, mo yí ẹ̀yìn sá, ó ta sí mi ní ìdí ṣòkòtò. Mo rí i pé kò dé ara, mo fi àkísà nù ún, mo ní Olúwa ṣeun. Ṣòkòtò yẹn ni mo fọ̀ ní Sátidé, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìkórè. Alùfáà ní ká kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Alùfáà ní ká dìde, gbogbo ìjọ dìde, èmi ò dìde. Mo ti gbọ́ nígbà tí ẹ̀yìn ṣòkòtò náà sọ pé fàà.

Ìyá ẹ, tí mi ò tíì fẹ́ nígbà náà, wà lẹ́yìn mi láàárín àwọn akọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má dìde o. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ta gbogbo iṣu ìkórè tán. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ò rí ọ̀dọ́kùnrin tó ní irú ìtara bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n fi mí sí ẹgbẹ́ aládùúrà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ṣì wà níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé nǹkan tó le, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un wọ inú nǹkan tó tutù. Bí o ṣe máa bá igbákejì ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Má lọ da gbogbo inú tó ń bí ẹ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo lè bínú bó ṣe wù mí. Èmi ti fẹ̀yìntì.

Èkejì. Má fi èdè yunifásítì bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Nígbà Kérésì tí o fi èmi àti ìyá ẹ ṣe kíláàsì ní pálọ̀, ìyá ẹ sùn. O rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni? Kò rẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo kùn ún lóorun. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí omi ásíìdì kan ṣe ń ki ju èkejì lọ, bu gàrí wa ẹ̀kúnwọ́ kan sínú kọ́ọ̀bù kan, bu ẹ̀kúnwọ́ kan náà sínú kọ́ọ̀bù kejì. Da omi díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, da omi púpọ̀ sí ìkejì. Ní kí wọ́n tọ́ omi orí ẹ̀ wò, kí wọ́n sọ èyí tó kan jù. Gàrí ò yí padà, omi ló yí padà. Iye gàrí, pín in sí iye omi, ó tán. Mo fi ṣàlàyé fún ọmọ kan nígbà kan tí tìṣà ti na títí. Ó ní, "Háà! Bọ̀dá, ó ti yé mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá wá fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i ńkọ́?" Mo ní, "Ìwọ fẹ́ jẹun, o ò fẹ́ kàwé, jáde." Ṣùgbọ́n ó yege.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa álíkálì, má fi ẹnu fà á, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹnu fà á. Rọ́bà ìfami wà, lo rọ́bà. Nígbà tèmi, ẹnu la fi ń fà á bí ẹni ń fa mínírà. Lọ́jọ́ kan mo ń fà á, mo ń wo ojú fèrèsé, álíkálì wọ ẹnu mi. Mo tutọ́ títí, mo fi omi ṣan ẹnu. Ẹnu mi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo délé, ìyá ẹ ti se ìkọ́kọrẹ́, iyàwó ọ̀ṣìngín ni nígbà yẹn. Mo fi sẹ́nu, ó dà bíi kànìnkànìn. Mo ní, "Ṣé wọn ò ta iyọ̀ ní ọjà mọ́ ni?" Ó ní, "Iyọ̀ wà níbẹ̀." Mo ní, "Ẹja ńkọ́, ṣé ó ti wẹ̀ padà sódò?" Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fẹ̀sùn oúnjẹ kan obìnrin yẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní, "Ẹ yọ ahọ́n yín." Mo yọ ọ́. Ó wò ó, ó ní, "Ahọ́n yín ti bó bí iṣu tí wọ́n bẹ. Ẹ lọ bi iṣẹ́ yín léèrè, ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ mi sílẹ̀." Mo tọrọ àforíjì. Irọ́ ni, mi ò tọrọ. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ karùn-ún ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mi ò ní ka nọ́ńbà mọ́, wọ́n ń dí mi lọ́wọ́.

Bàtà gogoro tí o rà yẹn. Mo rí fọ́tò tí o fi sí wásáàpù. Ó dáa lẹ́sẹ̀ ẹ, mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n búrẹ́ẹ̀tì, ìgò gígùn onílà tí a ti ń kán ásíìdì sílẹ̀, kì í ṣe láti òkè ni wọ́n ti ń kà á. Bẹ̀rẹ̀, kí ojú ẹ àti ilà dọ́gba, kí o kà á ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ bí abọ́. Tìṣà tó bá ń dúró gbọnran ka búrẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Bọ́ bàtà sí ọ́fíìsì, wọ pẹlẹbẹ wọ láàbù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àṣejù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ́ tónítóní. Wọ́n ní kí n fi ásíìdì ṣan búrẹ́ẹ̀tì, mo ṣe é. Wọ́n ní kí n fi álíkálì ṣan pípẹ́ẹ̀tì, mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi álíkálì ṣan fúláàsì tí a ń kán ásíìdì sí, omi lásán ló yẹ kó kàn án. Èmi fi álíkálì ṣàn án, lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ń kọrin. Álíkálì tó kù nídìí ẹ̀ dà mọ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sí i, ásíìdì ń kán, ń kán, àwọ̀ ò yí. Tìṣà ní ayé ti bàjẹ́. Èmi ni mo ba ayé jẹ́. Níbi iṣẹ́ tuntun, ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, tó bá tọ́, ṣe é dáadáa, kí o dúró síbẹ̀.

Tó bá tọ́, mo wí. A ti dé ibi tí mò ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ ọ́ fún alùfáà, mi ò sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ aládùúrà. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Tìṣà kẹ́mísìrì wa nígbà náà, Ọ̀gá Onítáì là ń pè é, torí táì kan ṣoṣo ló ní, òun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, òun náà ló fi ń nu jígí ojú ẹ̀. Ìdánwò kan wà tó jẹ́ pé ọmọ tó bá yege nínú ẹ̀ nìkan ni ilé-ìwé máa fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ fún àṣekágbá. Wọ́n ní ìsípẹ́kítọ̀ máa wá wo ti kẹ́mísìrì. Ọ̀gá Onítáì fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹ̀ yege, kí wọ́n lè fi í ṣe olórí ẹ̀ka. Ó po ìgò ásíìdì kan fúnra ẹ̀, ó ṣe títíréṣọ̀n náà, ó ń kán an sínú álíkálì títí àwọ̀ fi yí, ó rí 24.60 lára búrẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ìṣáná, ó fún mi. Ó ní, "Wọlé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, máa nu tábìlì. Ọmọ tí o bá nu tábìlì ẹ̀, yí ẹ̀yìn páálí sí i."

Ó ku ohun kan. Ásíìdì tó pò yẹn ò tó ogójì ọmọ. Ó ní, "Lọ po púpọ̀ sí i, bí mo ṣe po tèmi gẹ́lẹ́."

Gẹ́lẹ́! Fúláàsì lítà kan, èyí tó ní ilà lọ́rùn tí a fi ń mọ̀ pé omi ti pé, ẹyọ kan ló wà ní ilé-ìwé wa. Ó lò ó tán, ó fún mi kí n fọ̀ ọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Mo sin àfọ́kù ẹ̀ sẹ́yìn ṣáláńgá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ronú, mo ní kò burú, ìgò lítà kan wà nílé wa ní Ayépé. Ìgò jíìnì ni. Òun ni ìyá mi fi ń wọn epo pupa tà láti kékeré mi. Oníbàárà á ní, "Ẹ bá mi wọn lítà kan," ìyá mi á wọn ìgò kan fún un, oníbàárà á dúpẹ́, á lọ. Kò sẹ́ni tó jà rí. Báwo ni èmi ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìgò náà ò pé lítà? Tí o bá pín lítà sọ́nà mẹ́wàá, méje péré ló ń gbà! Gbogbo àdúgbò wa ń ra epo tí kò pé, wọ́n tún ń bá wa ṣọdún.

Iye ásíìdì tí Ọ̀gá Onítáì wọ̀n lèmi náà wọ̀n, ìgò jíìnì ni mo fi wọn omi ẹ̀, mo ń pò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi tó ogójì ọmọ. Ìwọ tìṣà, ṣírò ó. Ásíìdì kan náà, omi kò pé. Ó ki ju tiẹ̀ lọ. Ibi tí tiẹ̀ ti máa gba 24.60 kí àwọ̀ tó yí, tèmi ò ní kọjá 17.20. Tèmi yìí sì ni mo gbé ka iwájú gbogbo ọmọ.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mobọ́lájí, ọmọ káfíńtà kan ní Ìbẹ̀fun. Ó kúrú, àpótí tí bàbá ẹ̀ kàn fún un ló máa ń gùn kí ojú ẹ̀ lè bá ilà dọ́gba. Apòògùn ló fẹ́ dà, gbogbo wa la mọ̀, torí ó ti ń wo ahọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo dé tábìlì ẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti páálí ìṣáná, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo páálí, ó wo búrẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Bọ̀dá, mẹ́tàdínlógún ni mo rí."

Mo ní, "Ìwọ ṣáà kọ ohun tó wà níbí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, Bọ̀dá."

"Tìṣà ló ṣe èyí."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. 17.20, ó mọ́ kedere. Nínú fúláàsì, àwọ̀ ti kúrò ní yẹ́lò, ó ti rí bí ọsàn tó pọ́n, kò tíì di pupa, ọmọ náà dúró síbi tó yẹ kó dúró gan-an. Mi ò rí ẹni tó dá a dúró tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo mọ ojú ìwé kọkànlélógún lọ sókè, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìgò mi ni. Mo mọ̀, Bísí. Mo mọ̀ pé òun ló tọ̀nà. Ẹnu mi wá sọ pé, "Mobọ́, ṣé o gbọ́n ju tìṣà lọ ni?"

Ó mú bíírò, ó fa ilà lé 17.20, ó kọ 24.60 sókè ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀ sórí bébà. Mo bá a nu ìyẹn náà.

Ìsípẹ́kítọ̀ tó wá jẹ́ obìnrin, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí n gbé ìgò kan wá láti orí tábìlì àwọn ọmọ. Ó bọ́ bàtà, ó gun àpótí Mobọ́, ó ṣe é fúnra ẹ̀. 17.20. Ó wá kó bébà gbogbo wọn, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ogójì ọmọ, nọ́ńbà kan. Kò sí èyí tó ṣì í kà, kò sí èyí tó dà á kọjá, kò sí èyí tó sín níbẹ̀?" Ọ̀gá Onítáì bọ́ jígí, ó ń fi táì nù ún. Ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ìsípẹ́kítọ̀ wá kan bébà Mobọ́. Ó gbé e sókè. Ó ní, "Ẹni yìí rí òótọ́. Ta ló ní kó pa á rẹ́?"

Mobọ́ wò mí. Kò dárúkọ mi. Mo ń nu tábìlì kan tó ti gbẹ láti àárọ̀.

Wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n forúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹ́mísìrì lọ́dún yẹn, ti Mobọ́ náà ò lọ. Àwọn tí bàbá wọn lágbára lọ síbòmíì. Bàbá Mobọ́ ní òun ò lè ṣe ọdún kan sí i. Mobọ́ wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó ń ránṣọ dáadáa, mi ò sọ pé iṣẹ́ aránṣọ burú, ìyá ẹ ń wọ èyí tó rán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó rí mi lẹ́bàá títì, obìnrin tó ti lọ́mọ, ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ayé. Ó ní, "Bọ̀dá láàbù! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka búrẹ́ẹ̀tì." Mo ní orúnkún ń dùn mí. Mo sá gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi mí pé níbo, mi ò mọ̀.

Nítorí náà, gbogbo ilé-ìwé ló ń ṣe é, o wí. Igbákejì ọ̀gá yẹn, ọ̀lẹ ni, ojo ni, ó fẹ́ kí àbájáde ilé-ìwé dáa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ. Tó bá ka lẹ́tà yìí, kó kà á, èmi ni mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, mo fẹ̀sùn kàn ẹ́. Tí o ò bá ti fẹ́ ṣe é, kí lo pè mí fún? Ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kì í pe bàbá ẹ̀, á kàn má ṣe é. Ẹni tó máa ní kò burú lò ń wá. O pe ìyá ẹ tẹ́lẹ̀, àbí o ò pè é? Ó ti sọ fún mi.

Gbọ́ ohun tí wàá ṣe. Awakọ̀ tó ń ná Odogbolu ló máa mú lẹ́tà yìí wá lọ́la pẹ̀lú gàrí, o ní ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ tí o bá gbà á gan-an, kó gbogbo ọmọ yẹn wọ láàbù, kí kálukú fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é títí ọwọ́ ẹ̀ á fi mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Tí ìgò ò bá tó, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Ní Ọjọ́rú, po ásíìdì gbogbo wọn pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, kí o pò ó pọ̀ dáadáa, kí o tó pín in sígò, kí ti ẹnì kan má ki ju ti ẹlòmíì. Fúnra ẹ ni kí o pò ó. Kí o sì pe ẹni tó ń fọ ìgò, kí o fi ohùn tó rọ̀ bi í pé kí ló ti fọ́. Má pariwo mọ́ ọn, ohunkóhun tó bá ní òun fọ́, sọ pé kò burú. Ká ní ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí.

Iye tí ìwọ bá rí lọ́jọ́ náà, ẹni tí òfin ìdánwò ní kí o fún, òun nìkan ni kí o fún.

Igbákejì ọ̀gá ńkọ́? Lọ bá a ní ọ́fíìsì, kí o kúnlẹ̀ dáadáa, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gbọ́ àṣẹ yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí n lè mú un dání." Wàá rí i bí bíírò ẹ̀ ṣe máa gbẹ lójijì. Tó bá lọ kọ̀wé lé ẹ lórí, kó kọ ọ́. Tí wọ́n bá lé ẹ, máa bọ̀ nílé, ìyá ẹ á pariwo fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi á gbà á fún ẹ. Ilé-ìwé míì wà. Mobọ́ míì ni kò sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, pè mí. Mú bébà ẹ dání, kí o ka nọ́ńbà táwọn ọmọ rí fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ wọn. Tí ẹnì kan bá rí 22.30, tí ẹnì kan rí 22.50, tí aláìlójútì kan tó ń wo ojú fèrèsé rí 31, inú mi á dùn, a jọ máa fi ẹni tó rí 31 rẹ́rìn-ín, kí o sì tún un kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá mú nọ́ńbà kan náà wá, Àbẹ̀kẹ́ mi, má pè mí.

Èmi bàbá ẹ, tí fóònù ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ láti aago mẹ́rin.